Ṣé Ọkọ̀ Náà Jóná Ni, Tàbí Wọ́n Dáná Sun Ún?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Halifax ni mo ń gbé, ní Nova Scotia lórílẹ̀-èdè Kánádà. Mo ń ka ìròyìn àtẹ̀yìnwá nípa aáwọ̀ ọdún 2020 láàárín àwọn Mi'kmaq, ọmọ onílẹ̀ ibí, àti àwọn apẹja yòókù lórí lọ́bústà, edé ńlá inú òkun. Ìwé ìròyìn kan ní iṣẹ́ àwọn Mi'kmaq kò bófin mu, òmíràn ní ẹ̀tọ́ wọn ni. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

ÌDÁHÙN: A dúpẹ́. Ẹ má tíì máa wá ẹni tó parọ́, torí ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má parọ́ nínú wọn. Ibi tí oníròyìn ti mú ìtàn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ó bá mú un láti ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, nígbà tí àwọn Mi'kmaq ìlú Sipekne'katik fún àwọn ènìyàn wọn ní ìwé àṣẹ láti pa lọ́bústà ní èbúté Saulnierville, àwọn tó ń dẹ ìgèrè lásìkò tí ìjọba fòfin dè é ni òǹkàwé yóò rí. Ṣùgbọ́n bí ó bá mú un láti àdéhùn tí àwọn baba ńlá wọn bá ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1760 àti 1761, yóò dé ọ̀dọ̀ Donald Marshall, ọmọ Mi'kmaq kan, tó pa ẹja gbọọrọ bí ejò tà ní 1993, tí wọ́n sì gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án 1999 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dá a láre pé àwọn Mi'kmaq lè pẹja tà láti fi gbọ́ bùkátà níwọ̀ntúnwọ̀nsì.

Àwọn tó gbè sẹ́yìn àwọn Mi'kmaq náà ní ohun tí wọ́n máa ń fò: oṣù méjì lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ kan náà ṣàlàyé pé ìjọba lè fi òfin dín ẹ̀tọ́ yìí kù, bí ó bá lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, bíi kí ẹja má baà tán.

Ọ̀rọ̀ kí edé má tán yìí gba ìṣirò. Ìwé àṣẹ 5 ni wọ́n kọ́kọ́ pín, ìgèrè 50 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 250. Ní agbègbè ẹja pípa tí èbúté náà wà, ìwé àṣẹ àwọn apẹja oníṣòwò lé ní 900, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè dẹ ìgèrè 375. Òótọ́ ni pé àwọn oníṣòwò ní àlàyé, pé àsìkò tí edé ń pa èèpo dà kò yẹ fún pípa. Síbẹ̀, oníròyìn tó gbé ìbẹ̀rù wọn jáde pé edé yóò tán láìfi iye méjèèjì yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ ọ̀rọ̀-ìṣe wò. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nǹkan bí 200 ènìyàn, àwọn apẹja oníṣòwò àti àwọn tó gbè sẹ́yìn wọn, ya bo ilé méjì tí wọ́n ń kó edé àwọn Mi'kmaq sí, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ akẹ́rù kan ní New Edinburgh. “Ọkọ̀ kan jóná nínú ìjà” àti “wọ́n dáná sun ọkọ̀ kan” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà: ti àkọ́kọ́ kò ní olùṣe. Bí ọgọ́rùn-ún méjì bá sì ká ènìyàn díẹ̀ mọ́lé, ta ni í pè é ní ìjà nílé wa? Ìkọlù ni.

Ẹ wo orúkọ náà. Nínú àwọn ìròyìn kan, “àwọn apẹja” wà lápá kan, “àwọn Mi'kmaq” wà lápá kejì, bí ẹni pé iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n bá lọ sójú omi. Ẹ̀yin kọ “àwọn apẹja yòókù”. Ẹ wá “yòókù” yẹn nínú ìwé ìròyìn méjèèjì tó wà lọ́wọ́ yín.