"Èmi ni Punpun": Ìdáhùn sí lẹ́tà òǹkàwé kan láti Ìbàdàn

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

O kọ̀wé sí mi pé o ka Goodnight Punpun, ìtàn alàwòrán ará Jàpáánù tí Inio Asano ṣe nípa ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Punpun, tán lórí fóònù. O ní láti ìgbà náà oúnjẹ kì í wù ọ́ jẹ, o kì í lọ sí kíláàsì mọ́, ohun kan ṣoṣo tó ń sọ sí ọ lọ́kàn ni pé, "Èmi ni Punpun." O wá bi mí bóyá ìwé náà ló kó bá ọ.

Rárá o. Ìwọ fúnra rẹ lo fẹnu ba ọ̀rọ̀ náà, tí o sì yára kọjá: láti ìgbà tí bàbá yín ti kó jáde lo kò ti rí oorun gidi sùn. Bàbá Punpun náà lu ìyá rẹ̀, ó sì fi ilé sílẹ̀. Ibi tó ń dùn ọ́ gan-an ni ìwé náà bà. Èmi náà ti kà á, ìdìpọ̀ 13, iṣẹ́ ọdún 2007 sí 2013, ẹni tó bá sì ń pè é ní ìwé ọmọdé kò ì ṣí i wò.

Ṣùgbọ́n wo bó ṣe yàwòrán rẹ̀. Ilé, títì, wáyà iná, gbogbo rẹ̀ dà bíi fọ́tò. Àwọn èèyàn ní ojú èèyàn. Punpun àti ẹbí rẹ̀ nìkan ló rí bí ẹyẹ tí ọmọdé fi bírò yà. Àwọn tó yí i ká kò rí ẹyẹ kankan o, ọmọkùnrin bíi tiwọn ni wọ́n ń rí. Ọ̀rọ̀ àwọn yòókù wà nínú òbìrìkìtì lẹ́bàá ẹnu wọn. Ti Punpun kò sí níbẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń bá a ròyìn ohun tó sọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dàgbà, tí ìrísí rẹ̀ ń burú sí i, títí ó fi hu ìwo. Bíi ti Punpun, Aiko, ọmọbìnrin tí Punpun fẹ́ràn, kò rí ẹni finú hàn, o sì mọ ibi tó parí sí fún ọmọbìnrin náà.

Ìwọ ti kọ lẹ́tà. Ibẹ̀ lẹ ti yàtọ̀.

Jẹ́ kí n bi ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀: ṣé ó ń wá sí ọ lọ́kàn láti gba ẹ̀mí ara rẹ? Bó bá ń wá, má dá sùn lálẹ́ òní. Pe ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin tí o ní ó ń gbé ní Mọ́kọ́lá kó wá bá ọ, kẹ́ ẹ jọ lọ sí ilé ìwòsàn UCH lójú ẹsẹ̀, ilẹ̀ ì báà ti ṣú. Bí èrò yẹn kò bá sì wá sí ọ lọ́kàn, ẹ ṣì lọ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ béèrè dókítà tó ń tọ́jú àárẹ̀ ọkàn.

O ní wọn yóò pè ọ́ ní ará Árò, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta. Àbúrò mi, ní 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà tó ń tọ́jú àárẹ̀ ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn Árò máa gbé ní abúlé ìtòsí pẹ̀lú ìbátan tó tẹ̀ lé wọn wá, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ wá gba ìtọ́jú. Ó mọ̀ pé àìsàn yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá gbé.

Gbé ìwé náà tì ná. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá gbé fóònù, má wulẹ̀ máa ṣàlàyé ẹyẹ fún wọn. Sọ pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ara mi ò yá, kì í ṣe ibà. Mi ò rí oorun sùn, ó ti pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà." Kí o sì kọ̀wé sí mi bẹ́ ẹ bá ti dé.