Eléwé inú géèmù tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Báǹkì kan ní Dùgbẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Mókọ́lá ni mo sì ń gbé. Bí mo bá délé lálẹ́ tí iná bá wà, géèmù Skyrim ni mo fi ń sinmi lórí láptọ́ọ̀pù mi. Mo ti pa drágónì títí, mo ti jẹ olórí ẹgbẹ́ oríṣiríṣi, gbogbo rẹ̀ wá sú mi. Mo tún un bẹ̀rẹ̀, mo ní mi ò jagun mọ́, eléwé lásán ni mo fẹ́ jẹ́: kí n máa já ewé, kí n máa po oògùn, kí n máa tà. Àmọ́ kó tó di alẹ́ ọjọ́ kẹta, ó ti sú mi ju ogun lọ. Mo já ewé, mo tà á, mo sùn, ó parí. Ìyàwó mi ń fi mí rẹ́rìn-ín pé mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo tún ń lọ síbi iṣẹ́. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa? Àbí mod, àfikún tí àwọn èèyàn ń ṣe fún géèmù, ni kí n lọ wá sí i?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, kú làálàá. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kí n máa kọ ìgbésí ayé àwọn ẹ̀dá inú géèmù: ta ni wọ́n, kí ni wọ́n ń fẹ́, ta ni wọn ò fẹ́ kó rí wọn lọ́nà. Ìbéèrè rẹ wọ̀ mí lára gan-an, nítorí ohun tó ń ṣe ọ́ yìí ti ṣe èmi náà rí.

Géèmù náà ò ṣẹ̀ ọ́, mod kọ́ ló sì kù. O fún eléwé rẹ níṣẹ́, ṣùgbọ́n o ò fún un ní ayé. Ọmọ ta ni? Ta ló kọ́ ọ ní ewé? Ta ló ń retí rẹ̀ lọ́la? Ta ló jẹ ní gbèsè? Ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, tí ẹnì kankan ò sì retí rẹ̀, kí ni yóò jí ṣe láàárọ̀? Jagunjagun kò nílò irú ìdí bẹ́ẹ̀, géèmù ti pèsè ọ̀tá sílẹ̀ dè é. Èèyàn lásán ni a gbọ́dọ̀ wá ìdí fún.

Ìgbà kan wà tí mo fẹ́ kọ ẹ̀dá kan tó ń ta egbòogi. Mo lọ jókòó ti ìyá eléwé ọmọ kan ní ọjà Bódè láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Mo rò pé orúkọ ewé ni yóò kún ìwé mi. Mo kọ díẹ̀ lóòótọ́: bí ìyá ṣe ń wọ́n omi sórí àpò tó fi bo ewé kí oòrùn má baà pa á, bí ó ṣe ń fi okùn di ìdì kọ̀ọ̀kan tí yóò sì fi eyín já ìyókù okùn náà. Ṣùgbọ́n èèyàn ló kún ìwé mi lọ́jọ́ náà. Obìnrin kan pọn ọmọ wá, ìyá ò tilẹ̀ fọwọ́ kan ewé. Ó kọ́kọ́ bi í pé ọjọ́ mélòó ni ara ọmọ ti ń gbóná, àti pé ṣé ó ṣì ń mu ọmú. Ẹnì kan gba iwájú wa kọjá, ó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì bí ẹni ń wá nǹkan. Ìyá ní, “Owó ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ń mú un ṣe bẹ́ẹ̀.” Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìdì méje ló kù nílẹ̀. Ó kà wọ́n, ó tún wọn kà. Ẹni tó ń bá a já ewé wá láti oko ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì, owó rẹ̀ ò sì tíì pé.

Ìdì méje yẹn ni eléwé tìrẹ ò ní.

Jẹ́ ká gbé e wọ inú Skyrim wàyí. Ìṣirò kan wà tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn kí o tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe géèmù náà jáde ní 2011, ìṣẹ́jú kan tiwa jẹ́ ìṣẹ́jú 20 tiwọn. Odindi ọjọ́ kan níbẹ̀, tọ̀sán-tòru, jẹ́ ìṣẹ́jú 72 lójú aago ara ògiri rẹ. Nítorí náà, alẹ́ kan fún ọ ní Mókọ́lá lè jẹ́ ọjọ́ kan fún eléwé rẹ, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jí i láàárọ̀, lo ọjọ́ rẹ̀, fi í sórí ibùsùn, kí o sì pa ẹ̀rọ. Bí ó bá ti sùn, géèmù máa ń fi ibi tí o dé pamọ́ fúnra rẹ̀, àfi tí o bá ti pa ètò yẹn nínú sẹ́tìn-ìn. Bí wọ́n bá mú iná lọ lẹ́yìn náà, kò sí ohun tó bàjẹ́. Mo fura pé ọjọ́ mẹ́wàá lo ń kó sínú alẹ́ kan. Kò sí ayé ẹnikẹ́ni tí kò ní súni bí a bá ń sáré gbé e báyẹn.

Riverwood ni kí o fi ṣe ìlú rẹ. Hod, ọkọ Gerdur, tó wà nídìí sọ́míìlì ibẹ̀, máa ń ra igi ìdáná lọ́wọ́ ẹni tó bá là á wá, owó góòlù 5 ni ẹyọ kan. Yàrá kan fún alẹ́ kan ní ilé èrò wọn, Sleeping Giant, jẹ́ 10. Ìyẹn ni pé igi méjì ni oorun kan. Bí o bá ti mọ èyí, ọwọ́ rẹ ti ba nǹkan, nítorí o ti lè sọ iye tí búrẹ́dì tàbí ọbẹ̀ jẹ́ nínú igi. Breezehome, ilé kékeré tó wà ní ìlú Whiterun, jẹ́ 5,000. Ẹgbẹ̀rún kan igi nìyẹn. Ṣùgbọ́n má ṣe lé ilé yẹn, mo bẹ̀ ọ́. Wọn ò ní tà á fún ọ títí o fi bá Jarl, olórí ìlú náà, ṣe iṣẹ́ tó rán ọ, iṣẹ́ yẹn gan-an ló sì ń la ọ̀nà fún àwọn drágónì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ èyí, ó sì yẹ kí eléwé mọ̀ ọ́n. Yàtọ̀ sí drágónì tó jó ìlú Helgen ní ìbẹ̀rẹ̀ géèmù, drágónì kankan ò ní máa fò kiri títí wàá fi tẹ̀ lé ìtàn gan-an dé ibi tí wọ́n ti rán ọ lọ bá ọ̀kan jà ní ilé ìṣọ́ ìta Whiterun. Bí aṣọ́bodè bá dá ọ dúró ní ẹnubodè Whiterun, sọ fún un pé Riverwood ń wá ìrànlọ́wọ́, yóò jẹ́ kí o wọlé. Wọlé, ná ọjà rẹ, má gòkè lọ sí ààfin Dragonsreach. Ojú ọ̀run ibẹ̀ yóò dákẹ́ fún ọ títí ayé.

Wàyí o, gbèsè. Kí o tó tan ẹ̀rọ lálẹ́ òní, mú ìwé kékeré kan, kí o kọ ọ́ síbẹ̀ pé eléwé rẹ jẹ Arcadia, tó ń ta oògùn ní Whiterun, ní 300. Kọ ìdí rẹ̀. Bóyá òun ló ya á lówó tó fi sin ìyá rẹ̀, bóyá ìgò oògùn ló fọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ẹni ẹlẹ́ni. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Géèmù ò ní ibi tí a ti ń san gbèsè, nítorí náà bí wàá ṣe ṣe é nìyí: lọ́jọ́ ìsan, ra ohun kan tó tó 100 lọ́wọ́ Arcadia, kí o má sì lò ó láé. Fún ọjọ́ ìsan, yan ọjọ́ ọjà, bí àwọn ọjà wa ṣe ń ná ní ọrọọrún. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni kí eléwé rẹ máa ti Riverwood sọ̀kalẹ̀ lọ sí Whiterun lẹ́bàá odò. Ẹsẹ̀ ni kó fi rìn. Kó má ṣe tẹ ibì kan lórí máàpù kó sì bá ara rẹ̀ níbẹ̀. Ojú ọ̀nà yẹn ni òdòdó búlúù orí òkè ti ń hù, àlìkámà sì wà nínú oko lẹ́bàá ìlú. Pò wọ́n pọ̀, oògùn tó ń mú ara padà bọ̀ sípò ni wọ́n ń di. Kò wọ́n, kò níyì, òun gan-an ni irú ohun tí eléwé tálákà ń tà.

Wàá rí i pé ọjọ́ mẹ́rin tó ṣáájú ọjà yóò yí padà lójú rẹ. Òjò tó bá rọ̀ lọ́jọ́ kejì yóò dùn ọ́. Bí o bá ka ìgò tí o bá mẹ́jọ dípò mẹ́wàá, wàá tún un kà.

Ìmọ̀ rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ní òdiwọ̀n. Ní Skyrim, agbára mẹ́rin ni nǹkan ìpoògùn kọ̀ọ̀kan ní. Bí o bá jẹ ẹ́, àkọ́kọ́ nìkan ni yóò hàn sí ọ. Má ṣe lọ wo àkójọ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ẹnì kan kọ́ eléwé rẹ, tàbí tó tọ́ wò fúnra rẹ̀, nìkan ni kó mọ̀. Bí ó bá rí olú kan tí kò mọ̀ rí, kó dúró rò ó kó tó fi sẹ́nu. Ìdúró yẹn dùn ju idà lọ lójú tèmi.

Ìkookò ń kọ́? Yóò dé. Jẹ́ kó ní ọ̀bẹ tó fi ń gé ewé, kó má ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì sá tọ ẹ̀ṣọ́ tó bá sún mọ́ ọn jù lọ. Ìkookò kan ṣoṣo tó èèyàn lásán í ròyìn fún oṣù kan. Bí ará ìlú kan bá sì fẹ́ rán an lọ sínú ihò òkúta, jẹ́ kó sọ pé òun ò lè lọ. Mo mọ̀ pé ó ṣòro fún ẹni tó ti mọ́ lára láti máa gba gbogbo iṣẹ́. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nípa mod: Survival Mode ni kí o kọ́kọ́ tàn, kì í tilẹ̀ ṣe ohun tí wàá lọ wá. Láti 2021 ló ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó ní ẹ̀dà Skyrim tí wọ́n ń pè ní Special Edition. Ó ń mú kí ebi pa ọ́, kí òtútù mú ọ, kí àárẹ̀ mú ọ, ó sì ti ọ̀nà máàpù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan pa. Ọbẹ̀ gbígbóná á wá ní ìtumọ̀. Tí o bá tún fẹ́ ẹyọ kan sí i, Alternate Start – Live Another Life ni mo gbà ọ́ níyànjú rẹ̀. Dípò orí kẹ̀kẹ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí géèmù ti máa ń bẹ̀rẹ̀, inú yàrá ẹ̀wọ̀n kan ni o ti máa jí, ère Mara, òrìṣà kan nínú géèmù náà, á wà níwájú rẹ, yóò sì bi ọ́ pé irú ayé wo lo fẹ́: àlejò ní ilé èrò, ẹni tó pàgọ́ sínú igbó, ẹni tó bá ọkọ̀ ojú omi dé. Ó ń fẹ́ kí o bẹ̀rẹ̀ tuntun. Má fi ogún mod kún un, wọ́n ń bá ara wọn jà, kọ̀ǹpútà rẹ ló máa jìyà rẹ̀.

Ibì kan wà tí ọgbọ́n mi ò lè dé. Àwọn ará Riverwood á máa tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ fún ọ. Alvor alágbẹ̀dẹ á ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọmọ rẹ̀ Dorthe á máa ṣe wọ̀lé-wọ̀de lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì tọ́ kí o dúró wò wọ́n. Ṣùgbọ́n wọn ò ní rántí pé o jẹ wọ́n lówó. Nínú Ultima Online, géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì tó jáde ní 1997, èèyàn gidi ló ń ṣe búrẹ́dì, èèyàn gidi ló ń rán aṣọ, èèyàn gidi ló sì ń rà á, ìdí nìyẹn tí ayé lásán fi dùn níbẹ̀. Ìwọ nìkan lo wà nínú Skyrim tìrẹ.

Ṣùgbọ́n o ní ìyàwó, ó sì ti ń bá ọ dá sí i bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín yẹn. Lálẹ́ òní, kí o tó bẹ̀rẹ̀, ní kó bá ọ sọ eléwé náà lórúkọ. Bi í pé oògùn kí ló fẹ́ rà ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí o kọ ọ́ sínú ìwé kékeré náà lábẹ́ gbèsè Arcadia. Bí ó bá bi ọ́ pé èló ni ìgò kan, dá iye lé e, kí o sì jẹ́ kó ná an.