Kí o tó sanwó pọ́ọ̀bù yẹn

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ lẹ́ẹ̀mejì. O ní wọ́n fẹ́ gbé pọ́ọ̀bù kan, ilé ọtí, fún ọ ní Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, pé láísẹ́ǹsì rẹ̀ dé aago méjì òru, pé kàlòkàlò méjì tó ń pawó wà nínú rẹ̀, àti pé ẹni tó ń tà á ní "gbogbo ẹ̀ ló bá ilé rìn." Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n sọ fún èmi àti ọkọ mi ní 2013. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀, oorun ló yẹ kí n máa sùn, àmọ́ n kò lè ka èyí kí n kọjá.

Láísẹ́ǹsì tiwa wà nínú férémù lẹ́yìn káńtà, ó ń dán gbinrin, orúkọ káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, sì wà lórí rẹ̀. Aago méjì òru ní Friday àti Saturday. Aago méjì yẹn ni a tìtorí ẹ̀ ra ibẹ̀. A ti ń ka ọjọ́ ìbí, ìsọmọlórúkọ àti ìnáwó ọlọ́dún àádọ́ta sínú ìwé kí a tó gba kọ́kọ́rọ́. Ọkọ mi kó owó tó ti ń tọ́jú, èmi kó àjọ mi lé e. Oṣù mẹ́ta la fi tajà, ọjà sì ń lọ.

Lálẹ́ Friday kan, ọlọ́pàá méjì wọlé. Ariwo ni wọ́n bá wá, aládùúgbò kan ló pè wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì niṣẹ́ tirẹ̀, tẹjú mọ́ férémù, ó tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀, ó wá bi mí pé ta ló ni ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ní ti ẹni tó ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, lọ́yà wa ń bá wa yí i sí orúkọ tiwa. Ó ní ilé-iṣẹ́ náà kò sí mọ́. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ìjọba kí a tó wọlé rárá.

Ohun tí kò yé mi nígbà yẹn nìyí. Lábẹ́ òfin tí wọ́n ń pè ní Licensing Act 2003, láísẹ́ǹsì pọ́ọ̀bù ní olówó orí, ìyẹn ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Tí olówó orí rẹ̀ bá kú, tàbí tí kóòtù kéde pé kò lè san gbèsè mọ́, tàbí tó jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n tú ká, láísẹ́ǹsì náà bá a lọ. Ọjọ́ 28 péré ni òfin fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ sáré gbà á kó tó tutù. Tiwa ti tutù kí a tó rí i. Oṣù mẹ́ta la ti ń ta ọtí láìní àṣẹ, ẹ̀ṣẹ̀ tí ìtanràn rẹ̀ kò ní gbèdéke lónìí, tó sì lè mú ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà wá. Orí ló yọ wá, ìkìlọ̀ ni wọ́n fún wa.

A ti ilẹ̀kùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìkòkò pépà súùpù ẹran ewúrẹ́ ńlá kan wà lórí iná, mo ní kí n máa tà á fún àwọn èèyàn lẹ́nu ọ̀nà kí owó ẹran má bàa ṣòfò. Ọlọ́pàá yẹn kàn gbé ọwọ́ sókè, ó fi aago hàn mí. Oúnjẹ gbígbóná títà láti aago mọ́kànlá alẹ́ sí aago márùn-ún ìdájí gba láísẹ́ǹsì bákan náà. Mo bù ú fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn kò gba láísẹ́ǹsì. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń dúpẹ́ ọbẹ̀ yẹn lọ́wọ́ mi.

Ó wá di pé kí a gba láísẹ́ǹsì tuntun látìbẹ̀rẹ̀. Ṣé o rí i, ṣáájú November 2005, iwájú adájọ́ májísíréètì ni irú ọ̀rọ̀ yìí ń lọ, aago mọ́kànlá sì ni ọ̀pọ̀ pọ́ọ̀bù ń tì. Òfin 2003 ló gbé e fún káńsù, aládùúgbò sì lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ rẹ níbẹ̀. O máa lẹ ìwé aláwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ mọ́ iwájú ilé fún ọjọ́ 28, o máa gbé e sínú ìwé ìròyìn àdúgbò, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní ẹjọ́ yóò kọ̀wé. Àwọn aládùúgbò wa kọ̀wé. Wọn kò parọ́ mọ́ wa, orin wa ń dún lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà tán, aago mọ́kànlá ni wọ́n fún wa láàárín ọ̀sẹ̀, aago méjìlá ní ìparí ọ̀sẹ̀. Aago méjì òru tí a ra lọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ bẹ́ẹ̀, kò sì padà wá mọ́.

Nítorí náà, kí o tó kó penny kan jáde, pe ẹ̀ka láísẹ́ǹsì ní káńsù ibẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ wọn wà ní gbangba, òfin ló ní kí wọ́n fi í hàn. Béèrè orúkọ ẹni tó ni láísẹ́ǹsì lónìí, kì í ṣe lọ́dún tó kọjá. Tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́, wo orúkọ náà lórí Companies House, ibi tí ìjọba ń kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ sí, ọ̀fẹ́ ni. Béèrè bóyá wọ́n ti san owó ọdọọdún, torí láti 2012 ni káńsù ti ní agbára láti dá láísẹ́ǹsì dúró bí owó yẹn kò bá wọlé. Kà á látòkè délẹ̀, pàápàá àwọn àdéhùn tó wà lẹ́yìn: ẹ̀ṣọ́ mélòó ní Saturday, kámẹ́rà mélòó, fèrèsé tí kò gbọ́dọ̀ ṣí lẹ́yìn aago mẹ́wàá. Ibẹ̀ ni owó ń gbà jáde.

Gbígbé láísẹ́ǹsì tó wà láàyè látọwọ́ ẹnìkan sọ́wọ́ ẹlòmíràn kò wọ́n, £23 ni. Kí ẹni tó ń tà á fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kan náà tí ẹ bá fọwọ́ sí líìsì, ìwé àdéhùn ilé yẹn. Má ṣe gbà pé "a máa ṣe é tó bá yá." Ẹ tún nílò ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé bí alábòójútó ọtí títà, onítọ̀hún sì gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì tara rẹ̀. Tí ẹni yẹn bá bá ọ jà tó sì yọ orúkọ rẹ̀, o kò lè ta bíà kan ṣoṣo. Gba tìrẹ. Láti April 2015, ẹni tó bá ti gbà á kò ní máa tún un gbà mọ́. Níwọ̀n bí o ti ní físà ni o ń lò, mọ̀ pé láti April 2017 ni wọ́n ti ń wo ẹ̀tọ́ iṣẹ́ ṣíṣe kí wọ́n tó fúnni.

Ó kan kàlòkàlò.

Òfin tẹ́tẹ́ ti 2005, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní September 2007, gba pọ́ọ̀bù láàyè kàlòkàlò méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni láísẹ́ǹsì ọtí gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí káńsù kó sì san £50. Tí ibẹ̀ bá kúrò lọ́wọ́ Táyé bọ́ sọ́wọ́ Kẹ́hìndé, Kẹ́hìndé á kọ tirẹ̀, á san tirẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ọ sọ pé ó bá ilé rìn kò bá ilé rìn. O béèrè bóyá gbèdéke £2 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní April 2019 kàn ọ́. Kò kàn ọ́. Ti ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ nìyẹn, ẹ̀rọ tí èèyàn ń fi £100 ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fà wálẹ̀ sí £2. Ti pọ́ọ̀bù tiwa, £1 lẹ́ẹ̀kan, ohun tí ẹni tó bá jẹ lè gbà kò ju £70 lọ nígbà tí a wọlé; January 2014 ni wọ́n gbé e sí £100.

Owó orí ló gún mi lójú. Láti February 2013, ìjọba ń gba 20% nínú ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú irú ẹ̀rọ yẹn lẹ́yìn tí àwọn tó jẹ bá ti gba tiwọn. Ẹni tó ni láísẹ́ǹsì ni wọ́n ń mú, kì í ṣe ẹni tó gbé ẹ̀rọ wá. Ẹlẹ́rọ tiwa ní "ìdajì-ìdajì," ó ń kó ìdajì tirẹ̀ lọ, mo rò pé ó ń sanwó orí níbẹ̀. Lẹ́tà ló jí mi. Ó yẹ kí n ti forúkọ sílẹ̀, ó kéré tán, ọjọ́ 14 kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo san owó orí látẹ̀yìn, mo san ìtanràn, nínú ìdajì tèmi nìkan. Tí o bá máa gbà á, kọ ọ́ sínú àdéhùn pé owó orí ló máa kọ́kọ́ jáde kí ẹ tó pín. Sì rí i pé ẹlẹ́rọ náà ní ìwé Gambling Commission, àjọ tó ń bójú tó tẹ́tẹ́, lọ́wọ́.

Ibi tí ẹ gbé e sí náà ṣe pàtàkì. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìtọ̀ ni tiwa wà, níbi tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè dúró sí kí ẹnikẹ́ni má rí i. A gbé e wá síwájú káńtà. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ẹni tó ń ta á. Bàbá kan wà tó máa ń wá ní gbogbo Thursday tí wọ́n bá ti sanwó iṣẹ́, bíà kan ni yóò rà, kò sì ní kúrò nídìí ẹ̀rọ títí a ó fi pa iná. Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò pariwo, kò ṣépè. Ó kàn jókòó, ó béèrè omi. Mo ní kí wọ́n wá gbé ọ̀kan lọ. Ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, torí ẹ̀rọ yẹn ló ń san owó iná.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ lókè pé kí o dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí o lè bọ́ lọ́wọ́ láísẹ́ǹsì, ẹ má bínú, sà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ẹgbẹ́ wà, ẹgbẹ́ tiẹ̀ lè gba ìwé mìíràn lọ́tọ̀ fún kàlòkàlò mẹ́ta. Àmọ́ ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ tó 25, ọjọ́ méjì gbọ́dọ̀ wà láàárín ìgbà tí ẹnìkan forúkọ sílẹ̀ àti ìgbà tó lè mu níbẹ̀, ìgbìmọ̀ ló ń ra ọtí, èrè rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wọ àpò ẹnikẹ́ni. Ìwọ lo fẹ́ jẹun, kì í ṣe ìgbìmọ̀.

Tó bá jẹ́ ìnáwó alẹ́ kan-kan ló ń wù ọ́, ìwé ìgbà díẹ̀ wà, £21. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ṣáájú ni kí o ti fi í sílẹ̀, èrò ibẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 499 lọ, kí o sì ka àwọn tó ń gbé oúnjẹ àti oníṣẹ́ orin mọ́ wọn. Òun la fi gbé ara wa dìde lẹ́yìn tí aago méjì ti lọ. Márùndínlógún ni ibì kan lè lò lọ́dún, December nìkan lè jẹ ìdajì rẹ̀ tí o kò bá ṣọ́ ọ.

Fi orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà lórí láísẹ́ǹsì yẹn ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, má kọ ọ́ síbí. Tí mo bá jí lọ́sàn-án, màá bá ọ wò ó.