Èsì: Ibo ni ike inú abẹ́rẹ́ olóṣooṣù ń gbà lọ?

Okun o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ará Kàbà kan ti dẹ́rù bà yín pé ike inú abẹ́rẹ́ tí bàbá ń gbà lóṣooṣù nítorí jẹjẹrẹ próstéètì á ṣù jọ sára wọn.

Kò ní ṣù jọ. Ásíìdì méjì, láktíìkì àti gláíkólíìkì, ni wọ́n so pọ̀ gbọọrọ di ike yẹn. PLGA ni wọ́n ń pè é. Kóró wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ṣe, oògùn sì wà nínú wọn. Omi ara ló ń wọ inú àwọn kóró náà, tó ń já ibi tí wọ́n ti so ó, títí yóò fi kúrú débi tó máa yòrò. Láktíìkì kì í ṣe àlejò o: iṣan yín náà ń ṣe é bí ẹ bá ń kọ ebè. Ara á lò ó, yóò sì bá èémí àti omi jáde.

Èyí tó wù mí jù ni pé bí kóró bá tóbi, inú rẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ásíìdì tó há síbẹ̀ kò tètè rí ọ̀nà jáde, òun náà á wá máa mú kí jíjá yẹn yá sí i. Ẹ ṣáà ti rí iṣu tó jẹrà nínú tí èèpo rẹ̀ ṣì le. Bí ásíìdì méjèèjì bá jẹ́ ìdajì-ìdajì, ó máa ń yára tú. Bí láktíìkì bá jẹ́ 75 nínú 100, ó ń pẹ́ sí i.

Oògùn tó wà lójú kóró ló sábà ń kọ́kọ́ jáde, ìyókù á tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ Risperdal Consta, abẹ́rẹ́ àìsàn ọpọlọ tó ní irú ike yìí nínú, kì í fi bẹ́ẹ̀ tú oògùn sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 3 àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tí aláìsàn kì í fi í dá oògùn oníhóró dúró lásìkò yẹn.

Ẹ wo orúkọ tó wà lára páálí ti bàbá. Lupron Depot, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1989, àti Zoladex ní irú ike yìí nínú. Degarelix, abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ próstéètì mìíràn, kò ní in rárá.