Bí ìlù bá dákẹ́ tán, báwo lẹ ṣe máa padà dé yàrá?

Àbúrò mi tó ń ṣe àgùnbánirọ̀ ní Èkó, o kú ìmúra ọdún o. O ní ìwọ àti màmá rẹ ń bọ̀ wá wo ọdún Ṣàngó ní Ọ̀yọ́ lóṣù kẹjọ, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. O wá ń béèrè pé ṣé ẹ̀gbẹ́ ààfin ni kí ẹ wọ̀ sí, àbí àdúgbò Òwòdé, àbí kí ẹ kúkú máa sùn ní Ìbàdàn kí ẹ máa wá láàárọ̀. Àwọn tó ti dá ọ lóhùn ní ẹ̀gbẹ́ ààfin ló dáa jù torí pé ibẹ̀ ni ìlù wà. Òótọ́ ni, ibẹ̀ ni ìlù wà. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ti fa ìyá ẹni àádọ́rin ọdún lọ́wọ́ rí gba ọjà Akẹ̀sán kọjá láago méjìlá òru. Èmi ti fà wọ́n.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Láti ọ̀dọ̀ wa sí Ọ̀yọ́ ò ju bíi kìlómítà 50 àti díẹ̀ lọ, ìyẹn ló jẹ́ kí n máa fọ́nnu pé mo mọ ìlú náà. Mọ́tò tó ń lọ síbẹ̀ ni mo mọ̀, mi ò mọ ìlú.

Lọ́dún tí mo ń wí yìí, ọ̀gbẹ́ni kan tó pe ara rẹ̀ ní ọ̀kan lára àwọn tó ń bójú tó àlejò ló bá wa wá yàrá. Ó ní gẹ́ẹ̀sì haùsì náà dáa, iná ń wà, omi ń yọ, pé ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún ni dé ààfin. Ìṣẹ́jú márùn-ún! Inú jíìpù ni òun ti ń ka ìṣẹ́jú tirẹ̀. Mo fi ₦15,000 àsansílẹ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì tó fún mi. Mi ò gba rìsíìtì, mi ò bá onílé fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àlejò lójú, kò fi ríran.

A débẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ọmọkùnrin tó wà ní rìsẹ́pṣọ̀n ń jẹ ẹ̀pà. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó ṣí ìwé kan, irú èyí tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé, ó ń fi ìka tọ orúkọ bọ̀ láti òkè. Orúkọ mi wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi bírò pupa fa igi gbọọrọ lé e lórí, wọ́n wá kọ "Họ́nọ́rébù àti ènìyàn 6" sókè rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo pe ọ̀gbẹ́ni alábòójútó. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun ti ń bọ̀. Mo tún pè é, ó ní òun wà ní mítìn. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ti pa fóònù. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti rí ẹni tó gbé káàdì kọ́rùn níbi ọdún, inú mi a máa ru.

Ẹ̀yìnkùlé ni yàrá tí wọ́n wá fún wa wà. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí jẹnẹrétọ̀ gan-an, bí o bá na ọwọ́ jáde, wàá kàn án. Ìyá mi sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wo fèrèsé, wọ́n wò mí, wọn ò sọ nǹkan kan. Èyí ló burú jù. Ilẹ̀ ti ń ṣú, mo ní ká fara dà á.

Ìran tí a lọ wò dùn, mi ò ní purọ́. Ìyáàlù bàtá ń sọ̀rọ̀, omele ń dá a lóhùn, àwọn ẹlẹ́gùn ń jó nínú aṣọ pupa, àwọn ọmọ Brazil àti Cuba tó wá láti òkè òkun ń kọrin Ṣàngó bí ẹni pé ẹ̀yìn ààfin ni wọ́n bí wọn sí. Ìyá mi gbàgbé ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìgbà tí ìlù dákẹ́ ni wàhálà dé.

Kò sí ọ̀kadà. Èyí tó wà, àwọn tó mọ̀ ló ń gbé. Mọ́tò àwọn ẹni ńlá ti dí ojú ọ̀nà pa. Mápù orí fóònù ní ká gba àárín agbo-ilé kan já, a gbà á, ó kan ògiri. A padà. Iná ojú pópó ò tàn, mo ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wá ibi tí gọ́tà wà, bátìrì sì ti ń tán lọ. Ìyá mi bọ́ bàtà, wọ́n fi há abíyá. Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ àwọn ìsọ̀ Akẹ̀sán tí wọ́n ti tì pa, wọ́n jókòó sórí pèpéle ìsọ̀ kan, wọ́n ní, "Àbẹ̀ní, ṣé Ṣàngó ló ránṣẹ́ pè wá ni?" Mi ò rí èsì kankan fún wọn. Obìnrin kan tó ń palẹ̀ àwo àkàrà rẹ̀ mọ́ ló pe ọmọ rẹ̀ tó ní máṣínnì kó wá gbé wa. Ọmọ náà ò gbowó. Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ti gbà wá ní wákàtí kan dín díẹ̀.

Má rò pé ó parí síbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ bú títí di aago méjì, epo tán, fáànù dúró, ẹ̀fọn bẹ̀rẹ̀. Kí aago márùn-ún tó lù, àwọn ọmọ Àyàn tó wà lágbo-ilé kejì ti jí, wọ́n ń dán ìlù wò. Bílálà, awọ tí wọ́n fi ń lù ú, lójú ṣáṣá bàtá, ìyẹn ojú rẹ̀ kékeré, lẹ́yìn ògiri kan péré, nígbà tí oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kun ojú! Ó dà bí ẹni pé wọ́n ń fi pátákó gbá ògiri tí mo gbé orí lé. Mi ò bú wọn o. Iṣẹ́ wọn ni, ilé wọn ni, èmi ni mo lọ sùn sí ibi tí ìlù ń gbé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ ẹlẹ́pà wá gba ₦2,000 owó epo.

Nítorí náà, ọ̀nà àbọ̀ ni kí o kọ́kọ́ bi onílé. Lọ́sàn-án, kò síbi tó jìn ní Ọ̀yọ́. Ta ni yóò gbé wa padà láago mọ́kànlá alẹ́? Ọ̀nà wo la máa gbà? Ṣé wọn kì í dí i bí ọdún bá wọ̀? Bí kò bá lè dárúkọ onímọ́tò kan pàtó, wá ibòmíì. Bó bá ní "ẹ máa rí ọkọ̀," ẹ ò ní rí.

Òwòdé ò burú. Ọkọ̀ ń kọjá níbẹ̀, oúnjẹ wà. Wọ́n á ní ariwo títì pọ̀, ṣùgbọ́n tírélà ń kọjá lọ ni, bàtá kì í kọjá lọ. Ìbàdàn? Rárá. Lílọ bíbọ̀ bíi kìlómítà 100 lójúmọ́, tí ìpadàbọ̀ rẹ̀ jẹ́ òru, ìwọ lè gbé e, màmá rẹ kọ́.

Yàrá gbígbà fúnra rẹ̀, o mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: rán ẹnì kan lọ wò ó, bá onílé sọ̀rọ̀, gba rìsíìtì. Ó tán. Ṣe é kíákíá ṣá, torí láti ìgbà tí UNESCO ti kọ ọdún Ṣàngó Ọ̀yọ́ mọ́ àjogúnbá aráyé ní 2023, gbogbo onígẹ́ẹ̀sì haùsì tí mo bá dúnàá-dúrà ló ń fi orúkọ UNESCO gbówó lérí. Mi ò tíì rí jẹnẹrétọ̀ tí UNESCO tún ṣe.

Èyí tí o ò béèrè: ṣẹ́ owó wẹ́wẹ́ dání láti Èkó, torí ìlà tó máa ń wà nídìí POS lásìkò ọdún ò ṣe é tò. Onílù tó bá ti mọ ibi tí ẹ ti wá, ó bùṣe. Onígángan kan fi ìlù ki ìyá mi ní "Ògbómọ̀ṣọ́ Àjílété" lẹ́ẹ̀kan péré, ₦3,000 ni wọ́n tú fún un, owó mọ́tò wa sì ni. Bí wọ́n bá ní kí o má ya fídíò ní ojúbọ Ṣàngó ní Kòso, má yà á. Ojú mi ni wọ́n ṣe gba fóònù ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ìrọ̀lẹ́ ló tó rí i gbà, lẹ́yìn tó ti dọ̀bálẹ̀ fún ẹni bíi mẹ́fà. Bí o bá sì fẹ́ ra gángan, má rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e kiri. Lọ sí agbo-ilé àwọn tó ń ṣe é, fún un mọ́ abíyá, fa ọ̀ṣán rẹ̀ dáadáa níwájú ẹni tó tà á. Èyí tí mo rà fún ọmọ mi, ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀ṣán rẹ̀ já.

Kí lo tiẹ̀ béèrè ná? Hẹn-ẹn, ibi sísùn. Àwẹ́ là ń wọ̀ sí báyìí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan Ọ̀yọ́, ó sì dákẹ́. Ìyá onílé kan ń fi yàrá méjì gba àlejò níbẹ̀, onímárúwá tó ń bá a kó ọjà náà ló ń dúró dè wá lálẹ́, a ti mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ìyá mi a wo ìlù títí di aago mẹ́wàá, wọ́n á ní ó tó. A kì í dúró dòpin mọ́. ₦15,000 mi ò tíì padà títí di òní.

Bí o bá ti mọ ọjọ́ tí ẹ máa wọlé, sọ fún mi kí n bá ọ bi ìyá onílé bóyá yàrá ìsàlẹ̀ ṣì ṣófo. Ti òkè ní àtẹ̀gùn 14, kò sì sí ohun tí màmá máa fọwọ́ dì mú.