Máàpù Orí Fóònù Nígbà Tí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Bá Lọ

Ìbéèrè: Awakọ̀ ni mí n'Íbàdàn, mo ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Àwọn ọmọ ra fóònù ńlá fún mi, wọ́n sì kọ́ mi ní Google Maps. Láàárín ìgboro, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé èrò lọ sí Ṣakí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, ojú fóònù wá funfun báláú. Nígbà tó padà dé, ó ní kí n yà sí ọ̀nà igbó kan tí mọ́tò mi ò lè gbà. Ṣé mo lè lò ó láìsí dátà? Kí ló sì dé tó fi ń gbé èèyàn gba ibi tí kò dáa?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ lè lò ó láìsí dátà, àmọ́ ilé lẹ ti máa múra rẹ̀ sílẹ̀. Nǹkan méjì ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú fóònù yẹn. Àkọ́kọ́ ni GPS, tó ń sọ ibi tí ẹ wà. Ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì tó ń yí ayé po ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 20 kìlómítà sókè ló ti ń gbọ́rọ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ òpó MTN tàbí Glo, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Tó bá ti gbọ́ mẹ́rin nínú wọn ketekete, ó ti mọ ibi tí ẹ dúró sí. Ìkejì ni àwòrán ọ̀nà: orúkọ ìlú, títì, oríta. Ìyẹn ni dátà ń gbé wá díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń lọ. Lọ́jọ́ tí ojú fóònù yín funfun, àwòrán ni kò rí gbà. Àmì búlúù tó ń fi ibi tí ẹ wà hàn lè ṣì máa rìn lórí ojú funfun náà.

Nítorí náà, ẹ gba àwòrán náà sílẹ̀ ṣáájú, níbi tí Wi-Fi bá wà, torí ó lè jẹ dátà gan-an. Ẹ ṣí Google Maps, ẹ tẹ àwòrán tàbí lẹ́tà orúkọ yín tó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ wá Offline maps, kí ẹ tẹ Select your own map. Igun mẹ́rin kan yóò yọ. Ẹ fi ìka méjì fún máàpù náà pọ̀ títí Ìbàdàn àti Ṣakí yóò fi jọ wà nínú igun náà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í: ìlú tí wọ́n ń lọ nìkan ni wọ́n máa ń gbà sílẹ̀, ibi tí wọ́n ti gbéra á wà níta. Tí kò bá sí méjèèjì níbẹ̀, kò ní lè la ọ̀nà fún yín. Ó máa kọ iye ààyè tí yóò gbà nínú fóònù. Ẹ wò ó kí ẹ tó tẹ Download.

Kí ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ dán an wò. Ẹ pa dátà àti Wi-Fi, ẹ kọ Ṣakí síbẹ̀, ẹ tẹ Directions. Tó bá fa ìlà búlúù, ó ti jókòó nìyẹn. Tí kò bá rí ọ̀nà, igun yẹn kéré, ẹ tún un gbà. Máàpù tí ẹ gbà sílẹ̀ kì í wà títí láé o: ọjọ́ tí yóò kú wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀, ẹ tẹ Update kó tó pé. Láìsí dátà, kò ní sọ̀rọ̀ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọ̀nà mọ́tò nìkan ló sì ń fúnni. Ẹni tó bá fẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ pẹ̀lú lè lo áàpù máàpù míì tó ń jẹ́ Organic Maps, ọ̀fẹ́ ni.

Ohun kan tún wà tó máa ń da èèyàn láàmú. Tí dátà bá wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń ta fóònù lólobó ibi tí sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan wà. Láìsí rẹ̀, fóònù gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀, ìyẹn sì ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 30, bí ohunkóhun ò bá dí i. Lábẹ́ òrùlé páànù, ó lè pẹ́ jùyẹn lọ dáadáa. Ẹ dúró ní gbangba kí ẹ tó gbéra. Róbótó búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ tó yí àmì yín ká ni kí ẹ máa wò: bó bá fẹ̀, kò dá fóònù lójú, bó bá súnkì, ó ti mọ̀. Níbi tí ọ̀run bá ti hàn dáadáa, àṣìṣe rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bíi mítà márùn-ún lọ.

Ní ti ọ̀nà igbó, máàpù ò mọ ọ̀nà tó dáa, àkókò ló ń ṣírò. Gígùn ọ̀nà àti eré tó rò pé mọ́tò lè sá níbẹ̀ ló ń wò. Lójú títì tí èrò pọ̀ sí, fóònù àwọn tó ń kọjá ló ń jẹ́ kó mọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré. Lọ́nà oko, àwọn tó ń gbà á ò tó nǹkan, ọlọ́kadà sì ni púpọ̀ nínú wọn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kòtò wà níbẹ̀, tàbí pé odò máa ń bo ọ̀nà náà lóṣù kẹsàn-án. Ó rí i pé ó gé ìrìn kúrú, ó ní kí ẹ yà.

Ẹ pín ìrìn náà sí méjì. Ìsẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ wá kọ Ṣakí. Kí ẹ tó gbéra, ẹ fa ìlà búlúù náà tóbi, kí ẹ tọ̀ ọ́ lẹ́yìn láti Mọníyà lọ. Níbi tó bá ti kúrò lórí títì tó nípọn bọ́ sórí ìlà tín-ín-rín, kí ẹ fura. Lójú tèmi, awakọ̀ tó ti na ọ̀nà kan fún ogún ọdún mọ̀ ọ́n ju fóònù lọ, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tibẹ̀ dé sí gáréèjì sì mọ tòní. Tí ẹ bá kọ̀ láti yà, á sọ̀rọ̀ díẹ̀, á tún ọ̀nà míì ṣírò. Kì í bínú.

Ilé tí ẹ ń gbé èrò lọ náà ńkọ́? Nọ́mbà ilé kì í sábà sí lórí máàpù láwọn ìlú wa. Kí onílé fi location ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ṣùgbọ́n kó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ gan-an, níta. Lábẹ́ Send your current location, wọ́n máa ń kọ bó ṣe dájú tó, ní mítà. 10 dáa. Tó bá jẹ́ 500, kó ní sùúrù kí iye náà wálẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àdúgbò kejì lẹ máa já sí. Ẹ ṣí i nígbà tí dátà ṣì wà, kí ẹ tẹ Save.

Ojú fóònù tó ń tàn láìdákẹ́ ń jẹ bátìrì gan-an. Tí ṣájà mọ́tò yín ò bá lágbára, bátìrì á máa wálẹ̀ bó tilẹ̀ wà lórí iná. Ẹ má gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù nínú oòrùn: tó bá gbóná jù, á dín ìmọ́lẹ̀ kù, á kọ iná, ó sì lè kú lójú ọ̀nà. Ẹ há a mọ́ ẹnu ibi tí atẹ́gùn AC ti ń jáde. Ẹ pa Battery Saver, ìyẹn ètò tó ń ṣọ́ bátìrì lò, torí nínú àwọn fóònù kan, ó máa ń dá GPS dúró tí ojú fóònù bá ti kú. Inú mọ́tò tó dúró ni kí ẹ ti tẹ gbogbo rẹ̀ tán, kí ẹ yí ohùn rẹ̀ sókè. Àwọn Road Safety máa ń mú awakọ̀ tó bá ń tẹ fóònù lórí ìrìn. Kí nọ́mbà onílé àti orúkọ àdúgbò rẹ̀ sì wà lórí bébà nínú àpò yín.