Kí ẹ tó náwó sórí ẹ̀dà ẹṣin yín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú ẹṣin. Mo ka ìbéèrè yín dáadáa. Quarter horse, irú ẹṣin kan tí wọ́n ń sìn ní Amẹ́ríkà, tí ọmọ yín obìnrin fi ń sáré yí àgbá ká ti ń dàgbà. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, kò lè bímọ. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ ṣe clone rẹ̀, ìyẹn ẹ̀dà tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣe, kí ẹ lè máa ta ọmọ tí ẹ̀dà náà bá bí pẹ̀lú ìwé ìran.

Tó bá jẹ́ torí ìwé ni, ẹ má dá a láṣà. AQHA, ẹgbẹ́ tó ń forúkọ quarter horse sílẹ̀ níbí ní Texas, kì í forúkọ ẹ̀dà sílẹ̀, kì í sì í forúkọ ọmọ ẹ̀dà sílẹ̀. Láti 2004 ni òfin yẹn ti wà. Jason Abraham tó ń sin ẹṣin àti dókítà ẹranko Gregg Veneklasen gbé wọn lọ sí kóòtù ní 2012, wọ́n ní ẹgbẹ́ náà ń dí ọjà mọ́ àwọn. Wọ́n jàre ní 2013, ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní 2015, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ yẹn padà: ẹ̀rí ò tó pé ẹnikẹ́ni dìtẹ̀, ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ò sì bá wọn du ọjà ẹṣin. Àwọn tó ń sọ fún yín pé ilé ẹjọ́ ti ṣílẹ̀kùn, 2013 ni wọ́n ka ìtàn náà dé.

Ohun tí wọn ò ní sọ fún yín ni ti inú ilé ìbímọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú àwọn abo ẹṣin tó ń bá ẹlòmíràn gbé oyún ẹ̀dà. Wọ́n á mú awọ díẹ̀ lára ẹṣin yín, wọ́n á fi sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ sínú ẹyin abo mìíràn tí wọ́n ti yọ ohun inú rẹ̀ kúrò, wọ́n á wá gbé ọlẹ̀ náà sínú abo agboyún. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í dúró. A ó wò ó nínú scan lónìí, ọkàn rẹ̀ ń lù. A ó tún wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Bó bá dúró fún oṣù mọ́kànlá náà, ẹ̀rù ṣì ń bà mí títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Mo ti gba ọmọ tí ìwọ́ rẹ̀ wú ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí a ní láti so ó ká tó gé e. Mo ti gba èyí tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì ká sẹ́yìn, tí pátákò ò lè tẹ ilẹ̀. Dókítà á fún un ní oògùn oxytetracycline sínú iṣan, àwa á la páìpù ike sí méjì, a ó tẹ́ òwú sí i nínú, a ó fi báńdéèjì dì í mọ́ ẹsẹ̀ náà. A ó tún máa tú u lóòrèkóòrè kó má baà bó awọ rẹ̀. Torí kò lè dìde mu ọmú, èmi ni mo ń fún wàrà àkọ́kọ́ lára abo náà, tí mo ń fi ìgò fún un lórí ẹní koríko. Àwọn kan gbádùn, wọ́n ń sáré kiri pápá. Àwọn kan kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò ní parọ́, àwọn mìíràn bọ́ sílẹ̀ láìlárùn, kí wákàtí kan tó pé wọ́n ti dìde.

Ẹ má sì retí ojú kan náà. Àwọ̀ funfun iwájú orí àti ti ẹsẹ̀ máa ń yàtọ̀, torí inú ọlẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì àwọ̀ ti ń rìn, ibi tí ó bá dúró sí ò dọ́gba. Oníbàárà kan wo ọmọ ẹṣin rẹ̀, ó ní ẹṣin òun kọ́ nìyí, ó ṣe tán láti bá wa jà.

Lójú tèmi, ẹgbẹ́ náà ò jẹ̀bi. Àyẹ̀wò DNA tí wọ́n fi ń mọ òbí ẹṣin ò lè ya ẹ̀dà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí wọ́n dà á kọ. Ẹṣin tó gbajúmọ̀ tí ọmọ rẹ̀ pọ̀ jù ti dá wa lágara rí: látara akọ ẹṣin kan tó ń jẹ́ Impressive nìkan ni àrùn iṣan HYPP ti tàn ká, títí wọ́n fi ní láti kọ̀ láti forúkọ ọmọ tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti 2007. Ẹ wá rò ó bí irú akọ bẹ́ẹ̀ bá di mẹ́wàá.

Èyí ò sọ pé ẹ̀dà burú níbi gbogbo. Adolfo Cambiaso, agbápolo ará Argentina, fi ẹ̀dà mẹ́fà ti abo ẹṣin rẹ̀ Cuartetera gba polo ní Palermo, ní Buenos Aires, ní 2016, torí pápá polo ò béèrè ìwé. FEI, àjọ eré ìdárayá ẹṣin lágbàáyé, náà ti gbà wọ́n láti 2012. Ti Kurt ló dùn mọ́ mi jù, ẹṣin Przewalski, irú ẹṣin ìgbẹ́ kan, tí wọ́n bí níbí ní Texas ní 2020 látinú sẹ́ẹ̀lì tó ti wà nínú yìnyín láti 1980. Ìran yẹn fẹ́ tán, ó tọ́ kí wọ́n gbà á là.

Rodeo, níbi tí wọ́n ti ń sáré yí àgbá ká, ò béèrè ìwé ìran náà. Charmayne James, tó gbajúmọ̀ nínú ìje yíyí àgbá ká, ṣe ẹ̀dà ẹṣin rẹ̀ Scamper, ọ̀dá bíi tiyín, wọ́n bí ẹ̀dà náà, Clayton, ní 2006, wọ́n sì fi í gun abo. Bó bá jẹ́ ìje ọmọ yín nìkan lẹ ń rò, tí 80,000 dọ́là àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ò ni yín lára, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ ní kí dókítà yín mú awọ rẹ̀ pa mọ́ nísinsìnyí tó wà láàyè, owó ìyẹn ò pọ̀. Bó bá kú lójijì, inú fíríìjì ni kí ẹ fi awọ náà sí, ẹ má jẹ́ kó dì, kíá ni kó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ̀dà.

Ṣùgbọ́n ìwé lẹ ní ẹ ń wá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ta ẹṣin náà fún yín bóyá ìyá rẹ̀ ṣì wà, tàbí àbúrò rẹ̀ obìnrin tí bàbá àti ìyá wọn jọ jẹ́ ọ̀kan, kí ẹ fi ìyẹn bímọ dípò ẹ̀dà. AQHA gbà kí wọ́n gbé ọlẹ̀ abo kan sínú abo mìíràn, kí wọ́n sì forúkọ ọmọ náà sílẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, a ó jọ yẹ ìwé rẹ̀ wò kí ẹ tó san kọ́bọ̀.